Ọlọ Kọfí Tó Ń Dúró de Iléyá

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ọlọ kọfí kan fi wà lábẹ́ tábìlì ìsọ̀ mi ní ọjà Adjamé, ní ìlú Abidjan. Mo fi bébà aláwọ̀ ewé wé e, mo fi okùn dì í, mo sì to ìkòkò ńlá mẹ́ta síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Oníbàárà tó bá bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú bébà, màá ní, "Ẹ gbójú yín sókè, ìyẹn kì í ṣe títà." Ẹ̀bùn Iléyá ni. Bàbá àgbà mi ni mo rà á fún. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún tó ti wà níbẹ̀, ẹni tí mo rà á fún kú.

Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Èmi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá àgbà mi, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni, bíi ti gbogbo arúgbó tó wà ní Treichville, àdúgbò rẹ̀. Tí ẹ bá gba ìwé yẹn gbọ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìyá ilẹ̀ wa fi ń bímọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, Abidjan ló ti di arúgbó, kọfí ló sì fi bá ọjọ́ ogbó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èmi ni Sálámátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin àkọ́kọ́. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí, bí àwọn bàbá àgbà ti ń ṣe, èmi náà a sì máa pe ìyá àgbà ní "ìyáàlé mi". Ìkòkò àti abọ́ ni mo ń tà. Ilé ìwé, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo yọjú wo inú, mo padà sọ́jà.

Kọfí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ ń bù láti inú agolo sínú omi gbígbóná, tí ẹ wá fi mílíìkì pa á lẹ́nu mọ́. Omi ìfọwọ́ ni bàbá àgbà ń pe ìyẹn. Tirẹ̀ ni èyí tí ẹ̀rọ ń fún jáde díẹ̀díẹ̀, tó dúdú, tó ki, tí ìhó pupa bò lójú, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju ohun tí ológbò lè lá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Ife rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà fi máa ń bi í pé, "Bàbá Ràfíù, ṣé ẹ mu ún ni, àbí ẹ fi yọ eyín?" Àwọn Jùlá tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Kafétigi, ìyẹn ni pé òun ló ni kọfí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju Alhaji lọ. Ó ní, "Alhaji pọ̀. Kafétigi kan ló wà."

Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín ni.

Ọjà àlòkù ló ń tà ní gbogbo ayé rẹ̀: áyọ́ọ̀nù, fáànù, fíríìjì, àga, gbogbo ohun tó bá ti sú àwọn òyìnbó lọ́hùn-ún. "France au revoir" ni wọ́n ń pè é níbí, pé ọjà náà ti kí ilẹ̀ Faransé pé ó dàbọ̀. Bí kọ̀ǹténà bá gúnlẹ̀ ní èbúté, bàbá àgbà á ti dúró sí ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Kò sí ohun tí kò lè tà. Ó ti ta fáànù tó ń fẹ́ sí ìyá àgbà lára rí, nígbà tí ìyẹn ń sùn lọ́sàn-án. Ooru ló jí i. Ó bọ́ sí àgbàlá, ó ń pariwo, "Fáànù mi dà?" Bàbá àgbà ní, "Ó ti lọ sí Abobo, ó ní kí n kí ọ."

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kan bá àwọn áyọ́ọ̀nù dé. Ó wúwo, ó ń dán, ó ní ẹnu kan àti imú kan. Bàbá àgbà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó bu omi sí i, ó fi iná sí i, imú rẹ̀ bá tú ooru jáde fùùù. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, áyọ́ọ̀nù ìgbàlódé ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Ó tẹ́ agbádá funfun rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi imú ẹ̀rọ yẹn tọ gbogbo ara rẹ̀ kiri. Ẹ̀gbin tí òyìnbó tó ni í tẹ́lẹ̀ kò fọ̀ bá ooru jáde, agbádá funfun sì di awọ ẹkùn. Àkókò ti lọ, kò sí òmíràn tó lọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó ń bọ̀, ará Lẹ́bánónì kan tó ń taṣọ ní òpópónà wọn fà á lápá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Alhaji, ṣé kọfí lẹ fi ń fọṣọ?" Ọkùnrin yẹn ló tẹ̀ lé e délé, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìyá àgbà ní kó tà á lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní ẹ̀rọ tó bá agbádá Jímọ̀ jẹ́, èṣù ló wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà nu ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ohun tó lè ba aṣọ mi jẹ́ tó báyìí, ó ní láti mọ iṣẹ́ kan ṣe."

Òun nìkan ni ohun tí kò tà láyé.

Láti ìgbà náà ni Iléyá ti yí padà nílé wa. Bàbá àwọn ẹlòmíràn á ní kí àwọn ọmọ ra láàsì fún òun, tàbí bàtà, tàbí kí wọ́n fi kún owó àgbò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí gbogbo wa bá ṣì wà nínú àgbàlá tí a ń jẹ ìyókù oúnjẹ ọdún, bàbá àgbà á jókòó, á sì máa pín ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ fún wa bí ẹni ń pín ẹran. Ìwọ, ife mẹ́rin, kí ara rẹ̀ nípọn, kí kọfí má baà tutù kí n tó sọ Bísímílà. Ìwọ, òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Ìwọ, aṣọ ìnuǹkan tí kì í tú. Ìwọ tó ń lọ sí apá ìlú Man, kọfí tútù tí wọn ò tíì yan, fúnra mi ni n ó yan án. Á fún wa ní bí àádọ́rin ọjọ́ láti wá a. Àwa á máa rẹ́rìn-ín, a ó ní bàbá wa ti ya wèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á ti máa bà wá, nítorí ó máa ń yẹ ẹ̀bùn wò bí aṣọ́bodè.

Ẹ̀bùn tó dára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ọkọ àǹtí mi ló mú un wá, mẹkáníìkì ní Abobo. Wọ́n ní kó wá òǹtẹ̀ kọfí, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ kọfí tí wọ́n ti lọ̀ kó lè dì nínú ìkó ẹ̀rọ, abọ́ kékeré tí omi gbígbóná ń gbà kọjá. Kò rí i rà níbikíbi. Ó bá yọ písítìnnì lára ẹ́ńjìnnì wórówóró kan, takisí akérò ìlú wa, tó ti kú, ó rẹ́ ẹ, ó yọ́ ọ títí ó fi ń dán, ó sì ba ìkó ẹ̀rọ náà mu rẹ́gírẹ́gí. A rò pé bàbá àgbà á bínú. Ó gbé e lọ́wọ́, ó wọ̀n ọ́n wò, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Irin yìí ti gbé èrò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wá jókòó tì mí kó máa tẹ kọfí."

Òfin kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, òfin yìí ló sì dá mi lóró. Ẹ mọ̀ pé ẹran tí a bá pa ṣáájú ìrun yídì, ẹran jíjẹ lásán ni, kì í ṣe ẹran ọdún. Bàbá àgbà mú ìyẹn, ó fi kan ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn tí ẹ bá gbé wá kí ìmáámù tó sálámà, kò ní gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Niangon gbé ife wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún rí, ó ní ọ̀nà òun ló gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá àgbà ní kó gbé e padà lọ sí Niangon, kó tún gbé e wá lọ́la. Nígbà tí ìyẹn ń kùn, ó sọ fún un pé, "Ohun tó dára mọ ọjọ́ tirẹ̀. Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà kò tíì mọ bàbá àgbà mi.

Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bu ṣúgà sí kọfí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣúgà, kí o lọ mu àkàmù. Bàbá Lásìsì, ará Ọ̀yọ́, tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì, tí àgbàlá rẹ̀ fara ti tiwa, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsúbàá ni wọ́n máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Lásìsì tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ṣúgà oníhóró jáde, ó sọ márùn-ún sínú ife.

Bàbá àgbà ní, "Lásìsì, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tún un ṣe ni."

"Kí ló bàjẹ́ lára rẹ̀?"

"Ó korò."

"Ìwọ náà korò. Ta ló bu ṣúgà sí ọ lára?"

Bàbá Lásìsì dìde. Ó ní òun ò ní jókòó níbi tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ á ti máa fi omi dúdú bú òun. Bàbá àgbà ní kó gbé ife òun sílẹ̀ kó tó jáde. Ó gbé e sílẹ̀. Ó di ọdún mẹ́fà.

Ọdún mẹ́fà! Nítorí hóró ṣúgà márùn-ún! Wọ́n ń kírun ní sáàfù kan náà, èjìká kan èjìká. Bí ìmáámù bá sálámà tí gbogbo ènìyàn yíjú sí ọ̀tún, Bàbá Lásìsì á di ojú. Bí wọ́n bá yíjú sí òsì, bàbá àgbà á máa wo òrùlé. Ìmáámù bẹ̀ wọ́n títí, ìyá àgbà bẹ̀ wọ́n, àwọn méjèèjì á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣúgà. Kí wá ni? Wọn ò lè sọ.

Ìgbà tó yá, ìyàwó Bàbá Lásìsì kú, láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Mo wà nílé wa nígbà tí ìròyìn dé. Bàbá àgbà mú ife dání, kò tíì mu ún. Ó gbé e sílẹ̀. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Ó wọ àgbàlá Bàbá Lásìsì, ibi tí kò dé fún ọdún mẹ́fà, ó ní, "Níbo ni iná yín wà?"

Ẹ̀rọ yẹn, ife kan ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn kún àgbàlá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú dé títí di lẹ́yìn ìrun alásárì ló fi dúró tì í, ife kan, ife kan. Èmi ni mò ń gbé e fún àwọn tó wá kí wọn. Àwọn tó ń sunkún á dákẹ́ láti dúró de ife tiwọn. Bàbá Lásìsì jókòó sórí ẹní, ó dorí kodò. Nígbà tó kan òun, mo na ọwọ́ láti gbé e, bàbá àgbà ní rárá. Ó gbé e fúnra rẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó tọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì yọ páálí ṣúgà jáde, odindi, tí wọn kò tíì já.

Ó ní, "Ṣúgà mélòó?"

Bàbá Lásìsì wo páálí náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Márùn-ún."

Bàbá àgbà sọ ọ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhó pupa tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bẹ́ lójú rẹ̀. Ó rò ó fún un. Bàbá Lásìsì gbé e sẹ́nu, ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á, ó sì mu kọfí náà pọ̀ mọ́ omi ojú. Láti ọjọ́ náà ni páálí ṣúgà ti wà lórí pẹpẹ lókè ẹ̀rọ nílé wa, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi ẹni kan.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ẹnu mi kò lè dákẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ba kọfí jẹ́ lónìí o."

Ó ní, "Kọfí ni mo bà jẹ́, ìyàwó mi. N ò ba ènìyàn jẹ́."

Èmi ńkọ́? Èmi kò mu kọfí rẹ̀ rí. Mo wà ní ọmọ ọdún méje nígbà tó fi ṣíbí tọ́ ọ sí mi lẹ́nu, mo tu ú sórí ṣòkòtò rẹ̀, mo ní ewúro ni. Nígbà tí mo dàgbà, tó bá ní kí n wá jókòó, màá ní, "Bàbá, ẹni tó bá ṣẹ̀ yín ni kí ẹ máa fún ní nǹkan yẹn." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rí i pé ẹ̀rín tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tán. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò kà á sí.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ló yan ọlọ kọfí fún. Ọlọ tó ní tẹ́lẹ̀ ti kú, odó kékeré ló fi ń gún kọfí, ọwọ́ sì ti ń dùn ún ní oríkèé. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa: kí n wá ọlọ tó ní eyín irin méjì tó ń dojú kọ ara wọn. Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí mò ń ta ohun ìdáná fún gbogbo Adjamé, ṣé wọ́n á kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ ọlọ? Mo mú ọ̀kan nínú èyí tí mò ń tà, ẹlẹ́ńtíríìkì, tuntun, tó ní ọ̀bẹ kékeré méjì tó ń yí bìrìbìrì nínú. Mo dúró kí wọ́n ti yídì dé, mo gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

Bàbá àgbà dà kọfí sí i, ó fi iná sí i, ó fi etí tì í. Ó pa á. Ó bu lẹ́búlẹ́bú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, èyí ń gé ni. Kò lọ̀ ọ́. Kọfí kì í ṣe ẹ̀fọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ẹ̀gbọ́n Niangon, ẹni tí wọ́n dá padà pẹ̀lú ife, òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé e fún òun, òun á fi lọ ẹ̀gúsí. Ènìyàn ló ń jẹ́ Sálámátù, mo lè bú gbogbo ọjà kí n sì máa rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Mo dìde, mo ní, "Bàbá, gbogbo Adjamé ló ń ra ọjà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá a padà."

Ó ní, "Gbogbo Adjamé kọ́ ló tọ́ ọ dàgbà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, èébú ni mo gbọ́. Mo gbé àpò mi, mo lọ. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí i. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ kú àárọ̀, bàbá," màá gbé oúnjẹ fún ìyá àgbà, màá ní oníbàárà ń dúró dè mí. Ó lé ní oṣù mẹ́wàá tí n kò jókòó tì í. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ dé, n kò dúró di ọjọ́ kẹta. N kò gbọ́ ohun tó fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọlọ yìí. Wọ́n já kọ̀ǹténà ní èbúté, mo lọ wá ìkòkò, mo sì rí i láàárín àwo tó ti fọ́: àpótí igi kékeré kan, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, ó ní dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Eyín irin méjì, wọ́n dojú kọ ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ra nǹkan láìjà. Ọjọ́ yẹn, n kò jà. Mo fi ìrẹsì lọ inú rẹ̀ títí ìdọ̀tí àwọn òyìnbó fi jáde, mo fi òróró nu igi rẹ̀, mo wé e.

Ilé bàbá àgbà sí ìsọ̀ mi, ẹ wọ ọkọ̀ kan, ẹ ti débẹ̀. Ìyá àgbà pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọwọ́ bàbá ti wú nítorí odó yẹn, pé láàárọ̀ òun ló ń bá a di bọ́tìnnì. Mo wo ọlọ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Ìyáàlé mi, ẹ ní kó rọra. Iléyá ti dé tán." Mo sọ fún ara mi pé òfin rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín wà níjokòó. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Niangon rí i.

Mo tiẹ̀ pe bàbá lórí fóònù, mo fẹ́ fi ṣeré. Mo mọ ohun tó máa sọ, mo kàn fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Àlò, bàbá. N ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń pín in. Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi ní Iléyá yìí?"

Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń mí lẹ́yìn.

"Mo fẹ́ kí o wá jókòó, kí o mu ife kan. Láìsí ṣúgà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń tà!"

Ó ní, "Ìwọ lò ń tajà, ìyàwó mi. Èmi, kọfí ni mò ń ṣe."

Ìyẹn ni gbólóhùn tó sọ fún mi kẹ́yìn. Oníbàárà ń pè mí. Mo ní, "A ó ríra, bàbá," mo pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kírun àsúbàá tán, ó gún kọfí díẹ̀, ó sọ fún ìyá àgbà pé ọwọ́ òun wúwo, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí òun tó parí rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Kọfí wà nínú odó, àbọ̀ rẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, àbọ̀ rẹ̀ hóró. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti sin ín. Mò ń wo àwọn ọkùnrin tó ń gbé e lọ, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé ọkọ̀ kan péré ni ìsọ̀ mi sí ilé rẹ̀.

Àwọn bùrọ̀dá bàbá mi ní kí a ta ẹ̀rọ náà, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìyá àgbà, ẹni tó ti ní kí wọ́n tà á láti ọjọ́ tó ti dé, ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun á bọ́ra sí ìhòòhò gégùn-ún fún un.

Iléyá dé. N kò gbé ẹ̀bùn náà jáde ṣáájú ìrun. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀ láyà títí àwọn ọkùnrin fi ti yídì dé, títí mo fi rí ẹ̀gbọ́n Niangon tó wọlé. Mo gbé e síwájú àga bàbá àgbà, mo já okùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Niangon wo eyín irin inú rẹ̀, ó ní, "Sálámátù, èyí gan-an ni," ó sì kọjú sí ògiri.

Ní àkókò yẹn ni Bàbá Lásìsì wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ọlọ, ó wò mí, ó ní, "Ẹ bu omi wá." Ó ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn fún ọdún tí kò níye, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò kọ́. Ìyá àgbà, nínú aṣọ opó, gbé agolo kọfí tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan kẹ́yìn jáde. Mo dà á sínú ọlọ, mo yí i. Ó ń dún bí ẹni tó ń rìn bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo fa dúrọ́ọ̀, ó kún. Bàbá Lásìsì bu lẹ́búlẹ́bú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí bàbá àgbà ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó lọ̀ ọ́." Ó fi písítìnnì wórówóró tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí ẹ̀rọ, ìhó pupa jáde.

Ó gbé ife àkọ́kọ́ fún mi. Ó nawọ́ sí pẹpẹ. "Ṣúgà mélòó?"

"Kò sí, bàbá."

Mo jókòó. Kì í ṣe orí àga bàbá àgbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó ti máa ń ní kí n jókòó. Mo mu ún. Ó korò bó ṣe korò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, kò dín, kò lé. Mo mu ún dé ìsàlẹ̀.

Bàbá Lásìsì ṣe tirẹ̀. Ó mú páálí ṣúgà, ó sọ márùn-ún sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó ní, "Tó bá wà níbí ni, ojú ni ì bá fi pa mí."

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà."

"Sálámátù!"

"Ẹ sọ ọ́ di méje, bàbá. Bóyá inú á bí i, á dìde wá bá yín jà."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó sì fi gèlè bo ojú. Bàbá Lásìsì wò mí títí. Ó mú hóró kan, ó sọ ọ́ sínú ife. Ó mú ìkejì, ó sọ ọ́ sí i. Ìhó bẹ́. Gbogbo wa wo ẹnu ọ̀nà.

Kọfí náà tutù. Kò sẹ́ni tó wọlé wá bá wa jà.